Nígbà Tí Ojú Kò Lè Kàwé

Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi dojú bolẹ̀. Awọ tín-ín-rín kan wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú ènìyàn tó ń gba ìmọ́lẹ̀ kí a tó lè ríran. Tèmi ló ṣí kúrò láyè rẹ̀ ní ojú ọ̀tún. Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ, ó fi gáàsì díẹ̀ sínú ojú náà, ó sì ṣàlàyé fún mi pé gáàsì a máa léfòó ni. Bí mo bá dojú bolẹ̀, yóò gbéra lọ sí ẹ̀yìn ojú, yóò ti awọ náà mọ́ ibi tó yẹ kó wà títí yóò fi lẹ̀ padà. Bí mo bá wá ń gbé orí sókè, ewu ni. "Màmá, ẹ má gbé orí o," ni nọ́ọ̀sì ń wí ní gbogbo ìgbà tó bá ń kọjá. Ojú òsì mi ti ń ṣàìsàn tirẹ̀ tipẹ́. Ó ń rí ènìyàn, kò rí lẹ́tà. Báyìí ni èmi tí ilẹ̀ kì í mọ́ kí n má ṣí Bíbélì ṣe dojú kọ ìrọ̀rí, tí n kò lè ka ẹsẹ kan ṣoṣo.

Ọkọ mi ń kà á fún mi nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ wá Bíbélì olóhùn sórí fóònù, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, mo sì dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n aago méjì òru dé. Ọkọ mi ti sùn lórí àga, ó ti rẹ̀ ẹ́ gidigidi. Ojú ń ta mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bóyá n kò ní fi ojú yìí ríran mọ́. N kò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni. N kò mọ ibi tí fóònù wà, bí mo bá sì nawọ́ wá a, orí á yí. Mo dákẹ́ níbẹ̀, mo bi ara mi pé, ó dáa, kí ni mo ní nínú?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù inú mi wò bí ẹni ń wá nǹkan nínú àpótí lókùnkùn. Mo bá Sáàmù 23, ó pé. Mo bá Sáàmù 121, ó pé. Àdúrà Olúwa wà níbẹ̀, Jòhánù 3:16 wà níbẹ̀. Sáàmù kìíní bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó dé ibi igi tí a gbìn sí etí ipa odò, ó dúró. Sáàmù 91 dàrú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín. Róòmù 8, tí mo ti gbọ́ ìwàásù lé lórí n kò mọye ìgbà, àfọ́kù ni mo bá: gbólóhùn kan níhìn-ín, gbólóhùn kan lọ́hùn-ún, tí n kò mọ èyí tó ṣáájú. Sáàmù 103 ni ó dùn mí jù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo ka gbogbo ẹsẹ rẹ̀ 22 níwájú ìjọ, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún mi ní ẹ̀bùn. Lóru ọjọ́ yẹn, "Fi ìbùkún fún Olúwa, ìwọ ọkàn mi" nìkan ló ṣẹ́kù. Mo ti di onígbàgbọ́ ju 40 ọdún lọ, ohun tí mo lè gbé dání lọ sínú òkùnkùn kò kún ojú ewé méjì.

Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Mo fẹ́ bá ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ kedere sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tirẹ̀ tó dé.

Àkọ́sórí ni a ń pè é, ohun tí a kọ́ sí orí. Orúkọ yẹn bá ohun tí wọ́n ń ṣe fún wa ní kékeré mu: ẹsẹ kan lọ́sẹ̀, kà á ní ọjọ́ ìsinmi, gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n onísáàmù kò sọ̀rọ̀ orí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ ni mo pa mọ́ ní àyà mi, kí èmi kí ó má ba à ṣẹ̀ sí ọ." Mo ti ka ẹsẹ yẹn láìmọye ìgbà kí n tó rí i pé ó ní "pa mọ́." A kì í pa ohun tí a fẹ́ lò lónìí mọ́. Ohun tí a mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó wá a, tí a kò sì fẹ́ kí olè mọ ibi tó wà, òun ni à ń pa mọ́. Ẹni tó kọ Sáàmù 119 yẹn tilẹ̀ ṣe é kí ó rọrùn láti gbé dání: ẹsẹ 176 ni, ó pín in sí ìsọ̀rí 22, ẹsẹ mẹ́jọ mẹ́jọ, gẹ́gẹ́ bí iye lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù. Lẹ́tà kan náà ni ẹsẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ inú ìsọ̀rí kan fi bẹ̀rẹ̀ ní èdè rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé ibi tó kàn, álífábẹ́ẹ̀tì á fà á lọ́wọ́ lọ. Ẹni tó fẹ́ kí a mọ̀ ọ́n lórí ló lè ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ó tún yẹ kí a rántí pé púpọ̀ nínú àwọn tó gba Ọlọ́run gbọ́ ṣáájú wa kò ní Bíbélì nílé. Ọdún 1455 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ ni Johannes Gutenberg tẹ Bíbélì rẹ̀ jáde ní ìlú Mainz, ní Jámánì. Ṣáájú ìyẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ gbogbo rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìwé kan sì wọ́n ju ohun tí tálákà lè rà lọ. Ohun tó bá wà nínú rẹ ni tìrẹ. Pachomius, tó kó àwọn ọkùnrin jọ láti máa gbé pọ̀ fún àdúrà ní aṣálẹ̀ Íjíbítì láàárín ọdún 300 sí 350, fi í sínú òfin ilé rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tí kò ní kọ́ ìwé kíkà, tí kò sì ní mọ Ìwé Mímọ́ lórí. Ó kéré tán, Májẹ̀mú Tuntun àti ìwé Sáàmù. Ó kéré tán ló wí! Ní ọdún 787, ìgbìmọ̀ ìjọ tó péjọ ní Nicaea pa á láṣẹ pé ẹni tí a bá fẹ́ fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ mọ ìwé Sáàmù lórí. Àádọ́jọ Sáàmù. Èmi tí mo ní Bíbélì mẹ́fà nílé, méjì péré ló pé lọ́wọ́ mi.

Jónà sì ni mo rántí lóru yẹn, nítorí òun náà wà níbi tí a kì í ti í kàwé. Ẹ ṣí orí kejì ìwé rẹ̀ kí ẹ wo àdúrà tó gbà nínú ẹja. Sáàmù ni ó kún inú rẹ̀. Ibi tó ti sọ pé gbogbo bíbì omi àti rírú omi Ọlọ́run kọjá lórí òun, ọ̀rọ̀ Sáàmù 42 gan-an ni, ó bá a mu ní èdè Hébérù láìyẹ̀. Ènìyàn tó ń sá fún Ọlọ́run, tó sùn fọnfọn nínú ọkọ̀ nígbà tí ìjì ń jà, kò lọ́kàn láti hun àdúrà tuntun nísàlẹ̀ òkun. Èyí tó ti wà nínú rẹ̀ kó tó sá ló jáde. Ó tù mí nínú púpọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò fi í sílẹ̀ nígbà tí òun fi Ọlọ́run sílẹ̀.

Olúwa wa fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ogójì ọjọ́ láìjẹun nínú aginjù, èṣù dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dán an wò. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni Jésù dáhùn pé "A ti kọ ọ́," Deutarónómì orí 8 àti orí 6 ni ó sì ti mú ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ìwé kíká kankan lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Lórí àgbélébùú, tí èémí gan-an ti di iṣẹ́, Sáàmù 22 ni ó fi ké, "Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èé ṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?" Sáàmù 31 ni ó fi jọ̀wọ́ ẹ̀mí rẹ̀ sí ọwọ́ Baba. Mo rò ó lórí ìrọ̀rí yẹn títí omijé fi bọ́. Ọ̀rọ̀ tí Ọmọ Ọlọ́run rí sọ nígbà tí ìrora dé góńgó, ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ ni.

Jẹ́ kí n padà sí aago méjì òru.

Nígbà tí mo rí i pé Sáàmù 23 pé, òun ni mo dì mú. Mo ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ kí ọkọ mi má ba à jí. "Olúwa ni Olùṣọ́-àgùntàn mi, èmi kì yóò ṣe aláìní. Ó mú mi dùbúlẹ̀ nínú pápá oko tútù. Ó mú mi lọ sí ìhà omi dídákẹ́ rọ́rọ́." Mo ń lọ bẹ́ẹ̀, mo ń padà bẹ̀rẹ̀, ó tó ìgbà mẹ́wàá. Oorun fẹ́ gbé mi lọ nígbà kan, mo wá ṣì í sọ. Mo ní, "Bí mo tilẹ̀ ń rìn láàárín àfonífojì òjìji ikú, èmi kì yóò bẹ̀rù ibi kan; nítorí tí ó wà pẹ̀lú mi." Etí mi gbọ́ ọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo dúró. Kí ló wà níbẹ̀? "Nítorí tí Ìwọ pẹ̀lú mi."

Ìwọ.

Mo padà lọ sókè, mo fara balẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó mú mi dùbúlẹ̀. Ó mú mi lọ. Ó tu ọkàn mi lára. Ó, ó, ó, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ẹnu àfonífojì. Dáfídì ń ròyìn Olúwa fún wa ni, bí ẹni ń sọ nípa ẹnì kan tí kò sí nítòsí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ inú òjìji ikú, kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ó yíjú sí I. "Ìwọ pẹ̀lú mi, ọ̀gọ rẹ àti ọ̀pá rẹ, wọ́n ń tù mí nínú. Ìwọ tẹ́ tábìlì oúnjẹ sílẹ̀ níwájú mi." Ibi tó ṣókùnkùn jù nínú Sáàmù náà ni ó ti kọ́kọ́ pe Olúwa ní Ìwọ.

Láti ọmọdé ni mo ti mọ Sáàmù yìí. Mo ti kà á níbi ìsìnkú, mo ti kà á níbi ìkómọjáde, mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ mi. N kò rí i rí. Ojú ń sáré nígbà tó bá ń kàwé, ó ti mọ ibi tí gbólóhùn ń lọ, ó sì ń fò ó. Ẹnu kò lè fò. Ó di dandan kí ẹnu gba orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kọjá, àṣìṣe tí mo sì ṣe ló dá mi dúró níbi tí n kò ti dúró rí. Èmi náà yíjú sí I lóru yẹn. N kò ní kí Ó wo ojú mi sàn, bẹ́ẹ̀ mo ti ń bẹ̀bẹ̀ ìyẹn láti àárọ̀. Mo kàn ń wí pé, Ìwọ pẹ̀lú mi, Ìwọ pẹ̀lú mi, títí mo fi sùn.

Nínú Jóṣúà 1:8 àti Sáàmù 1:2, níbi tí Bíbélì wa ti sọ pé kí a máa ṣe àṣàrò nínú òfin Olúwa lọ́sàn-án àti lóru, ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ní ohùn nínú. Òun náà ni Àìsáyà fi ṣàpèjúwe kìnnìún tó ń kùn lórí ẹran tó pa, àti àdàbà tó ń ké ìrora. Àṣàrò tí wọ́n ń wí, ẹnu ń mì sí i. Ìgbà tí mo mọ èyí ni mo mọ ohun tí mo ń ṣe lóru ọjọ́ náà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ apá kejì rẹ̀ náà, nítorí mo ti fi àkọ́sórí ṣe ènìyàn ní ibi. Ọ̀rẹ́ mi kan pàdánù ọmọ rẹ̀. Mo lọ bá a, mo jókòó tì í, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà wúwo fún mi, mo sì la ẹnu: "Àwa sì mọ̀ pé ohun gbogbo ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí rere fún àwọn tí ó fẹ́ Ọlọ́run." Mo kà á láìṣì. Ó wò mí, ó gbé ojú kúrò lára mi, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi dìde. Òtítọ́ ni ẹsẹ yẹn, mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n orí mi ni ó ti wá, kò ti àyà wá, àárẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tèmi ni mo sì fi ń wò. Èṣù náà mọ Ìwé Mímọ́ lórí. Sáàmù 91 ni ó kà fún Jésù lórí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì, ó sì yọ "ní ọ̀nà rẹ gbogbo" kúrò nínú rẹ̀.

Ẹsẹ tó yẹ kí n mú lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ìyókù. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún meje, n kò kọ́ àkọ́sórí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rù bà mí, mo dìde mo ka èyí tó kúrú jù: "Jésù sọkún." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní ìwà ọ̀lẹ ni, ó ní kí n dúró lórí ìdúró títí ẹ̀kọ́ fi parí. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé Jésù tó mọ̀ pé òun fẹ́ jí Lásárù dìde ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i ni ó ṣì dúró sunkún pẹ̀lú Màríà. Ká ní wọ́n sọ fún mi, bóyá ǹ bá ti dákẹ́ sunkún ní ilé ọ̀rẹ́ mi. Mo padà lọ bẹ̀ ẹ́ ní ọdún kejì. Ó dárí jì mí.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà kí a máa kọ́ ẹsẹ ẹyọ ẹyọ nìkan. Nọ́ḿbà ẹsẹ tí a ń fi wọ́n pe ara wọn gan-an, ọdún 1551 ni Robert Estienne kọ́kọ́ fi wọ́n sínú Májẹ̀mú Tuntun ti Gíríìkì tó tẹ̀. Pọ́ọ̀lù kò mọ̀ wọ́n. Lẹ́tà ló kọ, ó sì fẹ́ kí a gbọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ gbogbo Róòmù 8 yóò ti gba ibi ìkérora kọjá, níbi tí ẹ̀dá gbogbo ti ń kérora, tí Ẹ̀mí pàápàá ń fi ìkérora tí a kò lè fẹnu sọ bẹ̀bẹ̀ fún wa, kó tó dé ibi "sí rere." Ká ní mo mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, n kò ní fò ó.

Àwọn kan á ní fóònù wà, gbogbo Bíbélì wà nínú rẹ̀, kí ni ènìyàn ń há sórí sí? Mo ti dáhùn ìyẹn lókè. Àwọn mìíràn á ní orí àwọn kò gbà á mọ́, ọjọ́ orí ti dé. Èyí ni mo fẹ́ fèsì sí, nítorí èmi náà ń wí bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú mi, tí mo sì tún rí ìmọ́lẹ̀ nípa àánú Ọlọ́run.

Ní ọdún 1885, ọmọ Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò, ó ń kọ́ àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí. Ó rí i pé wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá kọ́ nǹkan ni èyí tó pọ̀ jù ń jò dànù, lẹ́yìn náà ni jíjò náà á wá rọra. Ó sì rí i pé àtúnkà tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ sàn ju èyí tí a rọ́ sí ojú kan lọ. Èmi tí mo kọ́ Sáàmù 103 ní ọjọ́ mẹ́ta nítorí ẹ̀bùn, tí n kò sì padà débẹ̀ mọ́, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí i ló ṣẹlẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹsẹ kan ni mo ń mú. Mo ń kà á sókè látinú ìwé títí ahọ́n fi mọ̀ ọ́n, mo pa ìwé dé, mo sọ ọ́. Mo fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, nítorí ọwọ́ a máa rántí ohun tí ẹnu gbàgbé. Mo tún un sọ kí n tó sùn, mo tún un sọ bí mo bá jí, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn oṣù. Mo ń kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó má ba à di ìtàn. Bíbélì kan náà ni mo ń lò, n kò pa ìtumọ̀ méjì pọ̀. Bí mo bá ṣì í níbì kan léraléra, mo máa ń bi ara mi pé kí ló dé tí mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe yẹn máa ń ní ohun tó fẹ́ fi hàn mí.

Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí n kò rò. Lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ ẹbí kan dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Mo ti tẹ èsì sórí fóònù, ó gùn, ó korò, gbogbo ohun tó ti ṣe láti ogún ọdún ló wà nínú rẹ̀. Ó kù kí n fi ránṣẹ́. Ẹsẹ tí mo ń kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn dìde láìpè: "Ìdáhùn pẹ̀lẹ́ yí ìbínú padà." Inú mi kò dùn sí i rárá. Mo wo fóònù pẹ́. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo kọ ọ́ pé, "Àbúrò mi, jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lọ́la." A sì sọ̀rọ̀.

Róòmù 8 ni mo ń bá fínra báyìí. Ó lé ní oṣù mẹ́rin, ojú ọ̀tún mi kò mọ́lẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kàwé bí ìwé bá sún mọ́ ọn. Láàárọ̀, ọkọ mi á di Bíbélì mú, á máa fi ìka tọ ìlà, èmi á máa kà lórí. Ibi tó ń yọ mí lẹ́nu ni ìparí, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń to àwọn ohun tí kò lè yà wá kúrò nínú ìfẹ́ Ọlọ́run. Lánàá, mo rò pé mo ti dé etí bèbè rẹ̀. "Kì í ṣe ikú, tàbí ìyè, tàbí àwọn áńgẹ́lì, tàbí àwọn ìjòyè, tàbí àwọn alágbára, tàbí ohun ìgbà ìsinsìnyí, tàbí ohun ìgbà tí ń bọ̀, tàbí òkè, tàbí ẹ̀dá mìíràn kan..."

Ọkọ mi gbé ìka dúró. "O fo ọ̀gbun," ló wí.

Mo padà sí ibi ikú, mo tún un bẹ̀rẹ̀.